Tuvalu tí òkun ń jẹ, kí ló ń jíhìn fún?

Tíṣà Àgbà: Lọ́dún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí àfojúsùn 17 tí wọ́n fẹ́ lé bá tó bá fi di 2030: kí ebi tán, kí omi mímu tó, kí ọmọ kàwé. Kálukú a sì máa lọ sọ ibi tó bá a dé ní New York. Tuvalu, erékùṣù mẹ́sàn-án láàárín òkun Pàsífíìkì, lọ sọ tirẹ̀ ní 2022. Wọn ò ju nǹkan bí 11,000 lọ. Ìbéèrè mi: ilẹ̀ tí òkun ń jẹ, àǹfààní wo ló wà nínú ìjíhìn yẹn?

Àdìó Ìbàdàn: 11,000 kẹ̀? Èrò ọjà Bódìjà ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ìyẹn náà lorílẹ̀-èdè?

Ìyá Ìbejì: Ta ní ń jẹ́ Tuvalu? Olórin ni?

Káyọ̀dé Oníkọ̀ǹpútà: Àwọn ló ni .tv o! Ìkànnì tó bá parí sí .tv, owó rẹ̀ ń wọ àpò ìjọba wọn.

Bàbá Kẹ́mi: Irọ́. Tẹlifíṣàn ni tv.

Káyọ̀dé Oníkọ̀ǹpútà: Tuvalu ni, sà. Bí .ng ṣe jẹ́ ti Nàìjíríà.

Bàbá Kẹ́mi: Tẹlifíṣàn ni.

Àdìó Ìbàdàn: Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ò le. Ọsirélíà ti bá wọn ṣàdéhùn ní 2023, Falepili ni wọ́n pè é. 280 èèyàn lè kó lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Kí wọ́n ṣí.

Ọmọ Ìlàjẹ: Àdìó, o ti rí ibi tí òkun ti wọlé onílé rí? Ayétòrò ni wọ́n bí mi sí. Ibi tí ilé bàbá bàbá mi wà, ọkọ̀ ojú omi ló ń gba ibẹ̀ kọjá báyìí. Ní Tuvalu, kòtò ni wọ́n ń gbẹ́ gbin pulaka, ẹ̀yà kókò kan, omi iyọ̀ ti wọ inú ẹ̀. Omi òjò ni wọ́n ń mu. Òjò kọ̀ ní 2011, ìjọba kéde pàjáwìrì. O ń sọ pé kí wọ́n ṣí bí ẹni ń sọ pé kí wọ́n wọkọ̀ lọ Ṣángo.

Àdìó Ìbàdàn: Ẹ̀rí pé kí wọ́n ṣí náà lo ń kó jọ yẹn.

Ọmọ Ìlàjẹ: Ibojì bàbá wọn ńkọ́? Wọ́n ní kí bàbá ẹ fi Ìbàdàn sílẹ̀, ṣé á gbà?

Àdìó Ìbàdàn: Má dárúkọ bàbá mi níbí o!

Ọmọ Ìlàjẹ: Ta ló bú bàbá ẹ? Ibojì ni mo ń sọ.

Yéwándé Akáǹtì: Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Ìjíhìn yẹn wúlò. Tí owó tí ń wọlé fún wọn bá ti ga lójú ìwé, àwọn ayánilówó á ní wọn kì í ṣe tálákà mọ́, ẹ̀yáwó olówó pọ́ọ́kú á dópin. Ṣùgbọ́n ẹ wo Dominica, erékùṣù kékeré kan ní Karibíà: ìjì Maria jà níbẹ̀ ní 2017, ohun tó bà jẹ́ lóru ọjọ́ kan ju ìlọ́po méjì gbogbo ohun tí wọ́n ń pa lọ́dún kan. Àwọn erékùṣù pariwo títí, ní 2024 Àjọ Ìṣọ̀kan fọwọ́ sí òṣùwọ̀n tuntun tí ń wo bí ewu ṣe súnmọ́ ìlú tó. Bí wọn ò bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, ta ni ì bá gbọ́?

Alhaji Mùdà: Owó orí ni wọ́n tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa. A ò san!

Yéwándé Akáǹtì: Alhaji, ẹ dákun, ẹ kà á látòkè.

Ọmọ Ìlàjẹ: Mínísítà wọn, Simon Kofe, wọ inú òkun dé orúnkún ní 2021, ibẹ̀ ló ti bá ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow sọ̀rọ̀. Wọ́n ti fi yanrìn dí òkun ní Funafuti, olú ìlú wọn, bíi hẹ́kítà 7. Ṣé ẹni tó fẹ́ ṣí lọ á máa fi yanrìn dí òkun?

Àdìó Ìbàdàn: KÍ WỌ́N ṢÍ! Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọmọ Ìlàjẹ: Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Wọn ò lọ, àwa náà ò lọ.

Bàbá Kẹ́mi: Mo ti wò ó. Tuvalu ni.

Ìyá Ìbejì: Káyọ̀dé, èló ni wọ́n ń ta .tv yẹn?