Ìyá tí ò gbé ọmọ ẹ̀ lọ́jọ́ tó bí i

Ìyá Tuntun Adíìgbẹ: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sọ́rọ̀ mi. Iṣẹ́ abẹ ni mo fi bímọ, ọjọ́ 3 lọmọ lò nínú inkubétọ̀ tí mi ò fọwọ́ kàn án. Àná lẹnì kan ní wọ́n ti fi ẹranko wádìí ẹ̀, pé ìyá tí ò bá gbé ọmọ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìfẹ́ wọn ò lè wọra mọ́. Mo sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bàbá Ewúrẹ́ Ọ̀bàńtòkó: Irọ́ kọ́, àmọ́ ti ewúrẹ́ nìyẹn o. Bó bá ti bí báyìí, á yíjú padà, á máa lá omi ara ọmọ náà, á máa dún hùn-ùn hùn-ùn sí i lábẹ́lẹ̀. Klopfer, onímọ̀ nípa ẹranko, àtàwọn ẹnìkejì ẹ̀ dán an wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ ọ́ síta lọ́dún 1964: ìyá tó bá fi ìṣẹ́jú 5 péré wà pẹ̀lú ọmọ, kódà bí wọ́n gbé ọmọ lọ fún wákàtí díẹ̀, á gbà á padà. Èyí tí ò rí ìṣẹ́jú 5 yẹn, ó lè kàn án dànù. Ojú mi ló ṣe, mo gbé ọ̀kan sá fún òjò, ìgbà tí mo dá a padà ìyá ẹ̀ fi orí gbá a mọ́ ògiri.

Ọmọ Sápọ́n: Ẹ ẹ̀ wá fi ewúrẹ́ wé abiyamọ? Háà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ìyá ọmọ, ẹ nujú jàre. Òórùn lewúrẹ́ fi ń dá ọmọ ẹ̀ mọ̀, ọmọ yẹn sì ń rìn lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tí ìyá ò bá tètè mọ tiẹ̀, ọmọ ewúrẹ́ mìíràn ni á mu wàrà ẹ̀ tán. Ọmọ tiyín, ibo ló fẹ́ rìn lọ? Ọ̀bọ ló sún mọ́ wa. Harry Harlow, onímọ̀ nípa ìhùwàsí, ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà, 1958, ó ṣe ìyá ayédèrú méjì fáwọn ọmọ ọ̀bọ, ọ̀kan wáyà lásán, ọ̀kan tí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ wé. Kódà bó jẹ́ ara wáyà ni wàrà wà, wọ́n á mu ún tán wọ́n á sá padà lọ dì mọ́ aṣọ.

Ọmọ Sápọ́n: Ìkà ni Harlow yẹn! Àwọn ọ̀bọ tó dá tì mọ́lé, ìgbà tí wọ́n bímọ, òmíràn ń lu ọmọ ẹ̀. Ìyá mi àgbà n’Ítòkú ò lọ yunifásítì, ó ṣáà ń pọ̀n wá.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ìkà ni, àbúrò, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó ń kìlọ̀ fáwọn ìyá pé kí wọ́n má gbé ọmọ jù, iṣẹ́ ẹ̀ ló fi hàn pé ọmọ nílò ìdìmọ́ra. Ti eku tún wà, ti Michael Meaney, olùwádìí ní Montreal ní Kánádà: èyí tí ìyá ẹ̀ ń lá dáadáa, ẹ̀rù kì í tètè bà á. Wọ́n wá pààrọ̀ ọmọ, èyí tí ìyá tó ń lá ọmọ dáadáa gbà tọ́, ẹni tó tọ́ ọ ló jọ.

Ìyá Tuntun Adíìgbẹ: Ọjọ́ kẹrin tí mo tú bùbá tí mo gbé e lé àyà, ó mí kanlẹ̀, ó sùn. Ẹ ṣé o.

Bàbá Ewúrẹ́ Ọ̀bàńtòkó: Èyí tí ìyá ẹ̀ kọ̀ yẹn, ike wàrà ni mo fi tọ́ ọ. Ó ti ń tẹ̀ lé mi wọ yàrá báyìí, ìyàwó mi ní kí n yan ọ̀kan nínú òun àtewúrẹ́.