Ìrọ̀rí Tó Fúyẹ́ Bí Ẹyin Adìyẹ

Ẹ ti rí wọn. Kò sí bí ẹ ṣe máa ní YouTube lórí fóònù tí ẹ ò ní tíì rí wọn. Ọ̀gbẹ́ni onírùngbọ̀n kan yóò tẹ́ gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ bí ẹni tó fẹ́ pàtẹ ọjà, yóò gbé sìkéèlì tí ìyàwó rẹ̀ fi ń wọn fláwà kalẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn lé e lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣíbí, ìbọ̀sẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gé ọwọ́ rẹ̀ kù bí ọmọ-ìka. Gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sínú Excel. Ó ń múra àtirin Appalachian Trail, ọ̀nà ẹsẹ̀ orí òkè kan ní Amẹ́ríkà, láti Springer Mountain ní Georgia títí dé Katahdin ní Maine, nǹkan bíi kìlómítà 3,500. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ọ̀gá Gíráàmù, torí kì í ṣe ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n.

Kí n má purọ́, mo kan sáárá sí i. Ẹni tó mọ̀ pé ìbọ̀sẹ̀ òun wọn gíráàmù 58, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣi owó ná? Òfin ẹgbẹ́ wọn sì dájú: ẹ yọ oúnjẹ, omi àti epo ìdáná kúrò, gbogbo ohun tó kù nínú àpò kò gbọdọ̀ ju kílò 4.5 lọ. Ẹni tó bá ti kọjá ibẹ̀, alábàárù ni wọ́n ń kà á sí.

Nígbà tó kan ìrọ̀rí ni mo tún ìjókòó mi ṣe. Èyí tí à ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ni, tó tinrin bí èèpo àlùbọ́sà, tó ṣeé ká sínú àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé e lé sìkéèlì: gíráàmù 60. Ẹyin adìyẹ ńlá kan nìyẹn. Mo rò pé ó parí. Ọ̀gá Gíráàmù mú àlùmọ́gàjí.

Ẹ̀yin ará, lébẹ̀ẹ̀lì ló fẹ́ gé. Ewé aṣọ kékeré tí wọ́n rán mọ́ etí ìrọ̀rí, tí wọ́n kọ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ sí. Ó gé e, ó gbé e lé sìkéèlì. Sìkéèlì ní òdo. Ó nu ojú sìkéèlì, ó tún gbé e lé e. Òdo. Ó yí ìrọ̀rí po, ó rí lébẹ̀ẹ̀lì kejì, èyí tí wọ́n kọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é sí. Ó gé ìyẹn náà, ó fi ìkejì lé orí ìkíní. Sìkéèlì ronú díẹ̀, ó ṣẹ́jú, ó ní 1. Ẹ wo ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní fíísà! Ó pa 60 rẹ́ nínú Excel, ó kọ 59.

Gíráàmù kan. Mo fẹ́ ká bá a yọ̀ dáadáa. Nǹkan bí ogún ẹ̀kán omi ni. Bó bá tutọ́ lẹ́ẹ̀kan péré kó tó jáde nílé, ó ti jèrè tó bẹ́ẹ̀. Ká ló fun imú ńkọ́? Ẹrẹ̀ tó máa lẹ̀ mọ́ bàtà ọ̀tún nìkan lọ́jọ́ òjò, lébẹ̀ẹ̀lì igba ò ní tó o. Omi lítà méjì tó máa gbé, gíráàmù 2,000 nìyẹn. Bó bá bu ẹnu kan mu nínú rẹ̀, àǹfààní lébẹ̀ẹ̀lì ti wọlé, ó tún lé. Irùngbọ̀n rẹ̀ wá ńkọ́? Irùngbọ̀n tó kún dé àyà yẹn, mi ò rí i nínú Excel. Àbí òun kọ́ ló ń gbé e gun òkè ni? Kó wá. Kó gbé àgbọ̀n lé sìkéèlì, ká jọ wò ó.

Ohun tó bí mi nínú ni pé láàárín ìṣẹ́jú 22 tí fídíò yẹn gbà, kò fi orí lé ìrọ̀rí náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wọ̀n ọ́n, ó gé e, ó ya fọ́tò rẹ̀. Kò sùn lé e. Kò sọ bóyá ẹ̀gbẹ́ ló fi ń sùn tàbí ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ìwọ̀n.

Ẹni tó ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, èjìká rẹ̀ á gbé orí sókè kúrò lórí ẹní. Àlàfo tó wà níbẹ̀ ni ìrọ̀rí gbọ́dọ̀ dí, ó sì máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 13. Fún ẹni tó ń fẹ̀yìn lélẹ̀, 7 sí 10 ti tó. Bó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, àgbọ̀n á lọ kan àyà, á máa hanrun títí àwọn ará àgọ́ kejì á fi kó ẹrù wọn. Ẹni tó ń dojú délẹ̀, kó má kọjá 5. Ẹní náà tún wà níbẹ̀ o. Lórí ẹní afẹ́fẹ́ tó nípọn, èjìká á rì, àlàfo á dín kù, ìrọ̀rí tó ga á wá di ìyà. Lórí fóòmù pelebe tó le bíi pákó, èjìká ò ríbi rì sí, ìrọ̀rí gbọ́dọ̀ ga sí i. Ìyẹn ni pé ìrọ̀rí tó dára lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìtajà ò sọ nǹkan kan fún ọ nípa òru rẹ nínú igbó. Ẹní tìrẹ gan-an ni kí o tẹ́ sílẹ̀, kí o dùbúlẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú aṣọ tí o máa fi sùn, kí ẹnì kan sì wò ọ́: fún ẹni tó ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, bí imú rẹ àti àárín àyà rẹ bá wà lórí ìlà kan náà, ó bá ọ mu. Bí imú bá ń kọjú sílẹ̀, ó kéré. Bó bá ń kọjú sókè, ó ga jù.

Àwọn wọ̀nyí ò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ pàápàá. Ọ̀gá Gíráàmù fẹ́ tirẹ̀ títí ó fi le bíi bọ́ọ̀lù, nínú fídíò kejì ló wá ń ráhùn pé orí òun ń yọ̀ ṣubú lóru. Kí ló fẹ́ kó ṣe? Ta ní í sùn lórí bọ́ọ̀lù? Fẹ́ ẹ kún, dùbúlẹ̀ lé e, kí o wá fi ìka kan tẹ fáàfù kí afẹ́fẹ́ máa jáde díẹ̀díẹ̀, títí orí yóò fi rì sáàárín rẹ̀ tí iṣan ọrùn yóò sì dẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni. Ní ti yíyọ̀, aṣọ ìrọ̀rí dán, aṣọ ẹní náà dán. Bí ilẹ̀ bá dagun díẹ̀, wọ́n á pínyà. Ki ìrọ̀rí náà sínú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ, kí o fi apá ṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì há sábẹ́ ẹní: kò ní lọ síbì kankan mọ́, kò ní lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń làágùn, ariwo ṣàkàṣàkà tí ike ń pa létí náà á rọlẹ̀. Ẹni tí àpò ìsùn rẹ̀ bá ní ìborí lè ti ìrọ̀rí sínú ibẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì náà ti wà nínú Excel tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Láago mẹ́ta òru ni ẹkún míì máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀rí ti rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, Ọ̀gá Gíráàmù ń pariwo pé wọ́n ta ayédèrú fún òun. Kò jò, ọ̀gá. Atẹ́gùn ẹnu rẹ tí o fẹ́ sí i gbóná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 37 lórí ìwọ̀n Celsius. Òru orí òkè lọ sílẹ̀ dé 5. Atẹ́gùn tó bá tutù á súnkì, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Fẹ́ ẹ nírọ̀lẹ́ nígbà tí o bá ń se oúnjẹ, jẹ́ kó tutù, kí o fi èémí kan kún un kí o tó sùn. Bó bá wá jò lóòótọ́, ṣe bíi fọkanáísà: fẹ́ ẹ kó le, rì í bọ inú omi, kí o wo ibi tí omi á ti máa hó. Fáàfù ni kí o kọ́kọ́ wò, torí yanrìn kan ṣoṣo tó bá há síbẹ̀ ti tó láti máa tú u sílẹ̀ títí di àárọ̀. Ṣàn án dànù. Bó bá jẹ́ ihò, fi bírò yí i ká, nù ún gbẹ, fi sípíríìtì nu ibẹ̀ kí ọ̀rá kúrò, lẹ páàṣì, má fẹ́ ẹ títí di ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ ojú ìsopọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù ló ṣí, páàṣì kì í dúró níbẹ̀. Dá a padà fún ẹni tó tà á.

Àwọn kan wà tó sọ pé ìrọ̀rí òfo ni, pé kí á ki jákẹ́ẹ̀tì sínú àpò aṣọ, kí á sùn lé e. Mo gbà fún wọn ju ti Ọ̀gá Gíráàmù lọ. Ki i dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, má jẹ́ kó kún dẹ́nu, tì síìpù àti bọ́tìnì sínú kó má fi àmì sí ọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Àmọ́ àwọn ọlọ́gbọ́n yìí gbàgbé nǹkan kan: lóru tí òtútù bá mú jù, wọ́n á dìde, wọ́n á wọ ìrọ̀rí wọn. Mélòó lára wọn ni ilẹ̀ mọ́ bá tí wọ́n gbé orí lé bàtà! Fẹ́ ìrọ̀rí afẹ́fẹ́ dé ìdajì, kí o tẹ́ aṣọ rírọ̀ lé e lórí, ìyẹn ló sàn jù fún mi. Ti oní-fóòmù gígé wẹ́wẹ́, tó ń wọn gíráàmù 200 sí 300, kò ní jò, ó rọ̀ bí ti ilé, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè nínú àpò, bó bá sì mu omi òjò, ó di ọjọ́ kẹta kó tó gbẹ. Àwọn ìyá wa tó ń gbẹ́rù bọ̀ láti oko kò tiẹ̀ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ rárá. Aṣọ kan náà ni òṣùká lọ́sàn-án, òun ni ìborùn nírọ̀lẹ́, òun náà ni wọ́n ń ká sábẹ́ orí bílẹ̀ bá ṣú. Ẹ lọ bi wọ́n ní iye gíráàmù rẹ̀, kí ẹ gbọ́ èsì.

Mo mọ̀ pé ara mi ti gbóná. Àwọn tó ń fi ìrọ̀rí kọ́rùn rìn ní pápákọ̀ òfurufú ló kọ́kọ́ ba inú mi jẹ́, mi ò tíì dárí jì wọ́n. Wọn ò tíì wọ ọkọ̀, wọ́n ti kó àjàgà sọ́rùn bíi màlúù, wọ́n ń fi í tò láti ra búrẹ́dì. Wọ́n tún wọ̀ ọ́ sódì: ibi tó nípọn wà lẹ́yìn, ó ń ti orí síwájú, iwájú gan-an ló sì yẹ kó wà kí àgbọ̀n lè ríbi fara tì. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀.

Ní 1955, Emma Gatewood, ẹni ọdún 67, ìyá ọlọ́mọ mọ́kànlá, dá rin Appalachian Trail yìí kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló gbé kọ́ èjìká kan. Bàtà kánfáàsì Keds ló wọ̀, ìkélé balùwẹ̀ oníke ló fi ń dá òjò dúró, búláńkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ogun ló fi ń bora. Ní 1957 ó padà lọ rìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má sọ fún mi pé ó mọ ìwọ̀n lébẹ̀ẹ̀lì ara búláńkẹ́ẹ̀tì yẹn.

Ìwọ wá rin kìlómítà 50 péré láti Springer Mountain dé Neel Gap, níbi tí ọ̀nà ti gba àárín ilé kan kọjá, tí bàtà àwọn tó ti rin ibẹ̀ so sórí igi bí èso, ọrùn rẹ ti gan, odindi ara lo fi ń yíjú wo ẹni tó pè ọ́. Orí lo fi ń ṣeré! Orí tí àwọn baba wa ń fi awọ àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó ẹyọ kọ́ ilé fún, ìwọ wá ń bá a na ọjà lórí ẹyin adìyẹ kan. O gbé fóònù, o gbé bátìrì fóònù tó wúwo ju ìrọ̀rí náà ní ìlọ́po mẹ́ta, o gbé igi tí kámẹ́rà ń dúró lé kí a lè máa rí irùngbọ̀n rẹ. Ọrùn nìkan ni kò sí owó fún.

Fídíò tuntun ti jáde o. Ọ̀gá Gíráàmù ti padà sílé. Ìrọ̀rí ń rùn, òógùn àti itọ́ ọjọ́ mẹ́rin. Ọwọ́ là á fi ń fọ̀ ọ́: fáàfù ní títì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀, kí á fi omi mìíràn ṣàn án, kí á wá ṣí fáàfù kó gbẹ níbi òjìji. Ó jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Láti ibẹ̀ ó jù ú sínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru gbẹ aṣọ. Ooru sì lọ̀tá rẹ̀, òun ló ń ṣí ike inú kúrò lára aṣọ òde. Nígbà tó yọ ọ́ tó sì fẹ́ ẹ, ìrọ̀rí wú lápá kan bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Ó gbé e súnmọ́ kámẹ́rà. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi ìka tọ etí rẹ̀ yíká, ó ń wá ibi tí wọ́n kọ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ sí.