Irọ́ ni o, òfin ìdọ́gba kọ́ ló gbé pẹ́ńṣọ̀n àwọn màmá ìlú ọba dé 66

Ẹ sáà dá ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n sílẹ̀ láàárín àwọn èèyàn wa ní London, ẹ ó rí ẹni tó máa ní "ṣebí ẹ̀yin obìnrin lẹ ní ẹ fẹ́ bá ọkùnrin dọ́gba, Yúróòpù ti bá yín ṣe é nìyẹn, ẹ lọ dúró dé ọmọ ọdún 66". Àwọn bọ̀dá ló sábà ń fi ṣẹ̀fẹ̀, àmọ́ àwọn àǹtí tó ti ṣe nọ́ọ̀sì títí náà gbà á gbọ́, ìyẹn ló ń bí mi nínú.

Òfin Yúróòpù tí wọ́n ń sọ, tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 79/7, December 1978 ni wọ́n ṣe é. Ó ní kí ìjọba má ṣojúsàájú láàárín ọkùnrin àtobìnrin, àmọ́ abala keje ẹ̀ yọ ọjọ́ orí pẹ́ńṣọ̀n ìjọba sílẹ̀ gedegbe, ẹni tó bá wù ú lè fi tobìnrin sí 60, tọkùnrin sí 65, bí ìlú ọba ṣe ń ṣe é láti 1940. Kódà wọ́n gbé ìjọba lọ kóòtù lórí pé ọdún 44 lọkùnrin fi ń dáwó kó tó gba pẹ́ńṣọ̀n tó pé, obìnrin 39 péré, kóòtù Yúróòpù tó wà ní Luxembourg ló ní ní 1992 pé òfin fàyè gbà á, ó parí.

Ẹjọ́ Barber ló da ọ̀rọ̀ rú. Guardian Royal Exchange, iléeṣẹ́ ìbánigbófò, ló ní kí Douglas Barber máa lọ ní 1980, ẹni ọdún 52 ni, obìnrin tọ́jọ́ orí ẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ì bá gba pẹ́ńṣọ̀n lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní tiẹ̀ dìgbà tó bá dàgbà sí i. Ó kú kẹ́jọ́ tó parí, ìyàwó ẹ̀ ló ń bá a lọ. 17 May 1990, kóòtù Luxembourg yẹn ní pẹ́ńṣọ̀n iléeṣẹ́ dà bí owó oṣù, kò gbọdọ̀ yàtọ̀ fún ọkùnrin àtobìnrin. Pẹ́ńṣọ̀n iléeṣẹ́ o! Wọn ò fọwọ́ kan tìjọba rárá.

Ìjọba John Major, olórí ìjọba ìlú ọba nígbà náà, ló fúnra ẹ̀ ṣe òfin 1995 pé kí tobìnrin máa gùn láti 60 dé 65. Wọ́n lè mú tọkùnrin wálẹ̀ sí 60, ìdọ́gba nìyẹn náà, owó tó máa ná wọn ni wọn ò fẹ́. Ìjọba Cameron tún wá sáré sí i ní 2011, 65 pé ní November 2018, 66 ní October 2020. Ẹni tó bá ní Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣáà lé àwọn màmá tó pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí dànù ní September 2020, òótọ́ ni, àmọ́ ohun tí kóòtù sọ ni pé ìjọba ò rú òfin, kò sọ pé òfin ló fipá mú un, ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Ìgbà tí òfin ìdọ́gba da ìjọba láàmú lóòótọ́, ọkùnrin ló jèrè ẹ̀. Oògùn ọ̀fẹ́ tí dókítà bá kọ, obìnrin ń gbà á ní 60, ọkùnrin dìgbà 65. Ọkùnrin kan pẹjọ́, ní 1995 kóòtù Luxembourg ní abala keje yẹn kò kan oògùn. Àtìgbà yẹn làwọn bọ̀dá náà ti ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ní 60.