Ṣé lóòótọ́ ni ọmọ kan ń fojú kọ́wèé, tí èkejì ń fetí kọ́ ọ?

Olùkọ́ Ọdún Kìíní: Ẹ bá mi dá sí i. Ẹ̀ka wa fẹ́ tún ètò ẹ̀kọ́ tò kó lè gba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ra. Wọ́n ní ká fún wọn ní ìbéèrè VARK, ká mọ ẹni tó ń fi ojú kọ́, ẹni tó ń fi etí kọ́, òǹkàwé, àti ẹni tó ń fọwọ́ ṣe é, ká wá pín wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi fara mọ́ ọn.

Òṣìṣẹ́ Láíbìrì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín wọn. Pashler, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn mẹ́ta mìíràn tú ọ̀rọ̀ yìí wò ní 2008. Wọn ò rí ẹ̀rí gidi pé ọmọ ń mọ̀wé sí i tí a bá fi ọ̀nà tó wù ú kọ́ ọ. "Ó wù mí" yàtọ̀ sí "ó yé mi".

Ọdún Kẹta: Mi ò gbà o. Fídíò ni mo fi mọ ìṣirò! Tí mo bá ṣí ìwé, oorun ni.

Òṣìṣẹ́ Láíbìrì: Ó dáa, wá fi àwòrán nìkan kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ Faransé, láìsí ohùn. Ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ̀nà tó fẹ́.

Elétí Kan: Ẹ̀ ń jà lórí ohun tó wu ọmọ, èmi ń sọ ohun tí mi ò lè ṣe. Etí ọ̀tún mi ò gbọ́ràn. Olùkọ́ wa kan máa ń kọjú sí pátákó sọ̀rọ̀. Ìpàkọ́ rẹ̀ ni mò ń wò títí kíláàsì á fi parí. Nígbà tí wọ́n wá ń kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àwọn tí etí wọn pé ló ń lò ó jù mí lọ. Ẹnikẹ́ni ò sì fún wa ní ìbéèrè VARK kankan.

Olùkọ́ Ọdún Kìíní: Háà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí kún íntánẹ́ẹ̀tì, ilé ẹ̀kọ́ ńláńlá gbé e síbẹ̀.

Òṣìṣẹ́ Láíbìrì: Ẹ gbọ́ ara yín! Àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Stanford, Wineburg àti McGrew, wo bí èèyàn ṣe ń yẹ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì wò. Akẹ́kọ̀ọ́ àti òpìtàn tó gboyè dókítà jókòó ti ojú ewé kan ṣoṣo, lógò tó dán ń tan ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ ìròyìn wò kò pẹ́ níbẹ̀, wọ́n ṣí ibòmíràn láti mọ ẹni tó ni ín. Àwọn ló yára jù, àwọn náà ló mọ òótọ́ jù. Ẹ fi VARK ṣe asáínmẹ́ǹtì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín: kí wọ́n wádìí ẹ̀rí rẹ̀.

Ọdún Kẹta: Asáínmẹ́ǹtì tún kẹ̀? Ṣé a lè fi ohùn ṣe é, sà?

Olùkọ́ Ọdún Kìíní: Bí ẹ ṣe wádìí ni mo fẹ́ rí, ẹ fi ohùn ṣe é. Ọjọ́ tí mo bá ń dán ìwé kíkọ wò, ẹ ó kọ ọ́.

Elétí Kan: Ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wa o, sà. Ẹ má kàn pè é lẹ́nu.