Èsì wa fún ẹni tó ní Shift wa ti bàjẹ́

Ẹ ṣeun tí ẹ ráyè kọ̀wé, ẹ̀gbọ́n.

A rí ìràwọ̀ kan tí ẹ fún wa, a sì ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: pé Shift, bọ́tìnnì ọlọ́fà tó ń sọ lẹ́tà di ńlá, lórí kíbọ́ọ̀dù wa, áàpù tí a fi ń tẹ̀wé lórí fóònù, ti bàjẹ́, pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń sọ di ńlá, pé nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ á di ńlá láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́, àti pé gbájúẹ̀ ni wá. Gbájúẹ̀! Nítorí ₦1,500, ní Adó-Èkìtì yìí, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí Ọjà Ọba ti ń rí ẹnu ọ̀nà wa.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á, tí ẹ ń ka èyí, bí Shift ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà tó kàn á jáde ní ńlá, Shift á sì kúrò fúnra rẹ̀, torí lẹ́tà ńlá kan péré ni orúkọ èèyàn ń fẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì wéréwéré, ó di Caps Lock, ilà kékeré á yọ sábẹ́ ọfà náà, gbogbo rẹ̀ á sì máa jáde ní ńlá títí ẹ ó fi tún tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti iPhone, bẹ́ẹ̀ ni ti Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google. Àwa kọ́ la dá a sílẹ̀. Remington ti fi Shift sára taipuráítà wọn láti ọdún 1878.

Ibi tí iṣẹ́ wa wà gan-an, ẹ ò mẹ́nu bà á rárá. Nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, Ẹ, Ọ àti Ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ńlá àti kékeré. Ẹ̀ tó lámì lórí kò ní. Lẹ́tà àti àmì ohùn la ń so pọ̀. Lórí kíbọ́ọ̀dù wa, àmì lẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀, kí ẹ tó tẹ lẹ́tà. Bí a bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, àmì yẹn ló máa gbé Shift yín mì, Ẹ̀fọ̀n Aláayè á wá fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀. Àmì tiwa kì í gbé e mì. Shift á dúró de lẹ́tà. Agùnbánirọ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa ló jókòó ti èyí nínú òjò Oṣù Kẹsàn-án, iná jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ló ń lò.

Ní ti pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ tún ní báńkì yín kọ̀ nítorí Shift wa, kíbọ́ọ̀dù wa kì í fúnra rẹ̀ gbé lẹ́tà àkọ́kọ́ ga níbẹ̀. Caps Lock pàápàá kì í tẹ̀lé yín jáde láti WhatsApp. Ohun tó bá jáde níbẹ̀, ìka yín ló tẹ̀ ẹ́.

Ẹ rà á ní ọjọ́ 3 Oṣù Kọkànlá. Lọ́jọ́ 6, ẹ pè wá. Ọmọbìnrin tó gbé ìpè yín ṣàlàyé, ó tún fi ibi tí ẹ ti lè pa títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì hàn yín nínú ètò áàpù náà. Ẹ ní ó yé yín, ẹ tiẹ̀ ṣàdúrà fún un. Lọ́jọ́ 8, ẹ kọ ìpè ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sórí WhatsApp, lẹ́tà ńlá láti òkè délẹ̀, àwọn àgbà sì bi yín léèrè ẹni tí ẹ ń jágbe mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ìyẹn síbí o. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìràwọ̀ kan balẹ̀ sórí wa.

Ẹ tún ní ọmọbìnrin náà pòṣé sí yín. Kò pòṣé. Ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é, ó ń fa imú.

Síbẹ̀, owó yín ń bọ̀, ₦1,500 náà ní pípé, ẹ sì máa lo áàpù náà lọ́fẹ̀ẹ́ títí ọdún tó ń bọ̀ á fi parí. Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ yà, a ó tún un kọ́ yín, mínírà tó tutù wà ńlẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì yín ránṣẹ́ sí wa ní kọ̀rọ̀, ẹ má kọ ọ́ síta. Nọ́ńbà kò ní lẹ́tà ńlá, Shift kò ní yọ yín lẹ́nu níbẹ̀.