Òfin 911 Kò Gbọdọ̀ Yọ Tẹlifóònù Àtijọ́ Sílẹ̀

Lóṣù Kejìlá ọdún 2013, nínú yàrá ilé ìtura kan nílùú Marshall, ìpínlẹ̀ Texas, wọ́n gún Kari Hunt lọ́bẹ pa. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà níbẹ̀. Ó ṣe ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ: ó gbé tẹlifóònù, ó tẹ 911, nọ́ńbà pàjáwìrì Amẹ́ríkà. Kò lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé tẹlifóònù yàrá náà ò ní í pe ìta àfi téèyàn bá kọ́kọ́ tẹ 9.

Ọ̀rọ̀ yìí ló bí Kari's Law, tí wọ́n buwọ́ lù ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018. Ó ní ẹ̀rọ tó ń pín ìlà tẹlifóònù kiri inú ilé, ì báà jẹ́ ilé ìtura, ilé ìwé tàbí ọ́fíìsì, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí 911 lọ tààrà. Òfin gidi ni, àmọ́ ó lu. Kìkì ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe, tí wọ́n kó wọlé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tà tàbí tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn 16 oṣù Kejì ọdún 2020 ló dè. Èyí tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú, kò kàn án. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òfin tiwọn, Texas ti ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2015, ṣùgbọ́n ta ni í bèèrè òfin ìpínlẹ̀ kó tó gba yàrá?

Ẹ̀rọ yìí kì í sì í tètè kú. Inú kọ́bọ́ọ̀dù kan ló máa ń wà, tí onílé á gbàgbé ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí tẹlifóònù bá ṣì ń dún. Àlejò ò lè mọ ọdún tí wọ́n rà á.

Àwọn onílé á ní owó ni ìṣòro. Lóòótọ́, àwọn ẹ̀rọ kan ti gbó débi pé àfi kí wọ́n pààrọ̀ wọn. Ní ti ọ̀pọ̀ tó kù, iṣẹ́ kékeré ni: kí onímọ̀ ẹ̀rọ wọ inú ètò tó ń ka nọ́ńbà, kó fi 911 kún àwọn tó ń lọ síta láìdúró. Kó má yọ 9911 kúrò o, torí ẹni tó ti mọ́ lára á ṣì tẹ̀ ẹ́. Wàhálà tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé ẹni tó fẹ́ pe ọ̀nà jíjìn á tẹ 9 láti jáde síta, á tẹ 1 tó ṣáájú nọ́ńbà ọ̀nà jíjìn, ìka á yọ̀, á tún tẹ 1, ó ti di 911, ọlọ́pàá á dé. Ó sàn kí wọ́n yí nọ́ńbà ìta kúrò ní 9, kó di 8 tàbí 7.

Kí ìpè lọ nìkan kò tó. Àdírẹ́sì tó ń hàn sí ẹni tó gba ìpè lè jẹ́ ti ọ́fíìsì àgbà tó ń sanwó tẹlifóònù, nílùú mìíràn pàápàá. RAY BAUM'S Act, òfin Amẹ́ríkà mìíràn, ti ní kí àdírẹ́sì ilé, àjà àti yàrá bá ìpè rìn, láti 6 oṣù Kìíní 2021 fún tẹlifóònù tí kì í kúrò lójú kan. Ẹ̀rọ àtijọ́ kan náà ló tún yọ sílẹ̀. Tuntun náà ò sì bọ́: bí òṣìṣẹ́ bá gbé tẹlifóònù rẹ̀ láti àjà kẹta lọ sí ìkẹfà, tí kò sẹ́ni tó tún àkọsílẹ̀ ṣe, àjà kẹta làwọn panápaná máa sáré lọ.

Kí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, fagi lé ọjọ́ 2020 yẹn. Kí wọ́n fún ẹ̀rọ tó ṣeé tún tò ní oṣù mẹ́fà, kí wọ́n fún èyí tó gbọ́dọ̀ kúrò ní ọdún méjì, kí wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ gbogbo tẹlifóònù tí kò tíì ṣe tán, tí yóò sọ ohun tí èèyàn máa tẹ̀. Kí òfin tún pa á láṣẹ pé kí àwọn onílé máa dán ìpè 911 wò lọ́dọọdún. Wọ́n á kọ́kọ́ fi nọ́ńbà tí kì í ṣe ti pàjáwìrì pe ilé iṣẹ́ 911, wọ́n á jọ fi àkókò sí i, wọ́n á wá pè láti tẹlifóònù kan lórí àjà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó gbé e ka nọ́ńbà àti àdírẹ́sì tó rí. Èyí tí kò bá bá yàrá náà mu, kí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ náà gan-an.