Ẹ Máa Ka Ọjọ́ Yín Nílẹ̀ Onílẹ̀

Èrò ọkàn mi lórí ìrìn àjò láìgba físà ni pé arìnrìn-àjò fúnra rẹ̀ ló yẹ kó máa ka ọjọ́ tó ń lò, kí ó má ṣe fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ẹnubodè. Nígbà tí orílẹ̀-èdè kan bá gba àlejò wọlé láìbéèrè físà, inú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dùn sí ìwọlé náà débi pé wọn kì í fiyè sí iye ọjọ́ tí wọ́n so mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́jọ́ tí iye náà bá pé ni àṣẹ ti tán, yálà ẹnikẹ́ni rán àlejò náà létí tàbí wọn kò rán an létí.

Àgbègbè Schengen ní Yúróòpù, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè tó fohùn ṣọ̀kan láti ṣí ẹnubodè sí ara wọn, ni ìṣirò yìí ti ń da èèyàn láàmú jù. Òfin ibẹ̀ ni pé àlejò tí kò nílò físà kò gbọdọ̀ lò ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́ èyíkéyìí. Àwọn kan gbà pé bí àwọn bá ti jáde fún ọjọ́ díẹ̀, kíkà yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2013 tí ìlànà yìí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ojoojúmọ́ tí àlejò bá wà níbẹ̀ ni wọ́n ń wo 180 ọjọ́ sẹ́yìn, tòní mọ́ ọn, tí wọ́n sì ń ka gbogbo ọjọ́ tó fi wà nínú àgbègbè náà. Ọjọ́ tó wọlé wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tó jáde náà sì wà nínú rẹ̀, kódà bí bàálù rẹ̀ bá balẹ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo méjìlá òru lù.

Ká ní ẹnì kan wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní, nínú ọdún tí oṣù kejì rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28, tó sì jáde ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta. 90 ọjọ́ rẹ̀ ti pé géérégé. Kò lè padà síbẹ̀ ní oṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún. Ó di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà kí ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé tó kúrò nínú 180 ọjọ́ tí wọ́n ń wò. Ẹni tó pín ọjọ́ tirẹ̀ sí ìrìn àjò mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ìṣirò yìí máa ń le fún jù, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń rọ̀ yín pé kí ẹ lo ẹ̀rọ ìṣirò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé sórí ayélujára lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Orílẹ̀-èdè 29 tó wà nínú Schengen ni wọ́n kà bí ẹyọ kan, nítorí náà ẹni tó kúrò ní Faransé lọ sí Jámánì kò tíì jáde. Ireland àti Cyprus kò sí lára wọn; ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ka tiwọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pe 90 ọjọ́ ní oṣù mẹ́ta. Oṣù keje, oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án para pọ̀ jẹ́ 92, ọjọ́ méjì yẹn sì tó láti ba ìrìn àjò ọjọ́ iwájú jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó wọlé lábẹ́ ètò àìgba físà tó sì kọjá 90 ọjọ́ rẹ̀ ti pàdánù àǹfààní ètò náà. Físà ni yóò máa gbà láti ìgbà náà lọ. Ẹni tó bá sì kọjá àkókò rẹ̀ níbẹ̀ fún ohun tó lé ní 180 ọjọ́ kó tó jáde lè di ẹni tí wọ́n fòfin dè pé kò gbọdọ̀ padà wọlé fún ọdún 3. Bó bá pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún 10 ni.

Ohun tó jẹ mí lógún jù lónìí ni pé òǹtẹ̀ inú ìwé ìrìnnà ń pòórá. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè Schengen bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán ojú àti ìtẹ̀ka àlejò dípò òǹtẹ̀. Ẹ̀rọ náà kì í gbàgbé, ọdún 3 ló sì fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ọdún 5 bí kò bá rí i pé àlejò jáde. Mo fara mọ́ ọn pé kí ìjọba mọ ẹni tó wọlé. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ àlejò, bí àṣìṣe bá sì wọnú ẹ̀rọ, kí ni yóò fi gbèjà ara rẹ̀? Lójú tèmi, ẹ̀tọ́ ni kí ẹnubodè kọ̀ọ̀kan máa fi iye ọjọ́ tó kù han àlejò ní kedere, bó ti ń wọlé àti bó ti ń jáde.

Kí ìyẹn tó wáyé níbi gbogbo, ẹ tọ́jú ìwé ìwọkọ̀ òfurufú yín, kí ẹ kọ ọjọ́ ìwọlé àti ìjáde sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì ṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan kù nítorí àìsàn tàbí ọkọ̀ tí wọ́n fagi lé. Bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá dé, kí ọjọ́ tó pé ni kí ẹ ti kọ̀wé béèrè àfikún, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ dókítà tàbí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà.